Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Kò Di Odindi

Láti ìgbà tí Ọ̀gá ti yọjú láti ọ́fíìsì rẹ̀ ni ìdí Adùn-ún-gbọ́ ò ti gba àga mọ́.

"Bàbá ọmọ yẹn gbọ́ àbí kò gbọ́?" Ọ̀gá ti bi í.

"Ó gbọ́ mà."

"Ó gbọ́, kò sì wá."

"Ó gbọ́ mà. Ó tiẹ̀ ṣàdúrà fún mi lórí fóònù."

Ọ̀gá, obìnrin tó jẹ́ olórí iléèwé náà, kì í pariwo. Á kàn wo èèyàn láti òkè awò ojú rẹ̀, onítọ̀hún á sì fúnra rẹ̀ pariwo nínú ikùn ara rẹ̀. Ó wo Adùn-ún-gbọ́ báyẹn.

"Wọ́n sọ fún bàbá kan pé ọmọ rẹ̀ ń jáde kúrò níléèwé lójoojúmọ́ tí ọ̀sán bá ti pọ́n, àdúrà ló wá rí gbà? Ó dáa. Ìrọ̀lẹ́ òní ni mò ń fi orúkọ àwọn tó máa ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì ránṣẹ́. Bí n kò bá rí ẹnikẹ́ni láti ilé wọn kí n tó fi í ránṣẹ́, mo máa yọ orúkọ ọmọ náà kúrò. Ẹni tí kì í wọ yàrá sáyẹ́ǹsì, n ò ní purọ́ fún ìjọba pé ó ń wọ̀ ọ́. A kéré lóòótọ́, àmọ́ a ò kéré tó bẹ́ẹ̀."

Ó wọlé padà, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Rírọra tì í yẹn gan-an ló burú.

Kékeré ni iléèwé náà. Bí ẹnì kan bá sín ní kíláàsì àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní kíláàsì àṣekágbá á ní "pẹ̀lẹ́ o." Ọjọ́ tí Ọ̀gá dé ibẹ̀ ló ti ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ìwé rán ọmọ sílé mọ́, torí inú báàgì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń kú sí, ti ẹlòmíì á sì di ọkọ̀ òfuurufú kó tó dé ẹnu géètì. Nítorí náà, ilé kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí iléèwé á máa pè lórí fóònù. Etí ilé ni wọ́n ń pe onítọ̀hún. Ohun tó bá ti wọ etí yẹn, gbogbo ilé ti gbọ́ ọ nìyẹn. Bí ilé ṣe ní etí, iléèwé náà ní ẹnu, ẹnu ọ̀hún sì ni Adùn-ún-gbọ́, akọ̀wé tó ń jókòó ní àbáwọlé, láàárín kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ṣeé tì àti fèrèsé tí kò ṣeé ṣí.

Àwọn olùkọ́ ló fún un lórúkọ yẹn, wọn ò sì parọ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ nínú ilé kó tó mọ̀ pé ohun kan ń jẹ́ ìwé: pé a kì í já lu èèyàn, pé ọ̀rọ̀ tó bá máa korò, oyin ni kó kọ́kọ́ kan ahọ́n, pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Kó tó tẹ nọ́ńbà òbí kankan, á kọ́kọ́ di ojú, á tọrọ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ẹni tó dá ẹnu. Á sì ti ṣètò oríkì ọmọ náà sílẹ̀. Kò sí ọmọ tí kò ní oríkì lẹ́nu rẹ̀, títí kan èyí tó máa ń sùn nínú kíláàsì: "Ọmọ a-forí-gbé-tábìlì bí ẹni gbé adé." Ìyá ọmọ náà rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ tó gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ló dákẹ́, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tètè sùn nílé. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyẹn. Kò tíì já a kulẹ̀ rí.

Ó wá rántí ọjọ́ tó pe bàbá ọmọ yìí. Wẹ́dà ni bàbá náà, òun sì ni etí ilé wọn. Adùn-ún-gbọ́ kí i kú iṣẹ́, ó kí i kú ooru iná, ó ní kí irin má gé e, kí iná má jó o. Lẹ́yìn náà ló wá gbẹ́nu lé e:

"Ọmọ wẹ́dà, ọmọ a-fi-iná-rán-irin bí aṣọ.
Ọmọ ẹni tí olè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tó padà lọ sùn.
Ọmọge tó bi olùkọ́ ní ìbéèrè,
Tí olùkọ́ ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ mu omi."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́. Adùn-ún-gbọ́ wá ní, "Bàbá, ọmọ yín dára. Ibì kékeré kan báyìí ló kù díẹ̀ káàtó, ẹ bá wa fojú sí i. Ọmọlúàbí lẹ̀yin náà, n ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mo ti gbọ́ yín, Àǹtí," wẹ́dà dáhùn. "N ó fojú sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹnu yín gbẹ."

"Àmín," ni Adùn-ún-gbọ́ wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Àmọ́ ọmọ náà ò yé jáde. Wọ́n bi í, "ẹ má bínú mà" nìkan ló ń wí, á sì wolẹ̀. Lónìí náà, aago oúnjẹ lù tán báyìí, ó ti fò lọ.

Adùn-ún-gbọ́ pe nọ́ńbà wẹ́dà. Ó dún títí ó fi kú. Ó tún pè é. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó gbà á pé bàbá náà ti gbọ́, ó kàn ń ya ọ̀lẹ ni. Ẹ̀wẹ̀, ohùn kan nínú rẹ̀ ń bi í pé: kí ni o sọ gan-an tó gbọ́? Ó tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sọ fún ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó wá ibi tó ti ní "ọmọ yín ń jáde," kò rí i. Ó ti sọ ohun gbogbo àfi ohun tí wọ́n ní kó sọ.

Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Bó ṣe ń rìn ló ń sáré. Ó kọjá níwájú ilé oògùn, ó kọjá lára ọkùnrin tó ń lẹ táyà. Ọkùnrin náà kí i, kò gbọ́. Ẹni tí kì í fi ìkíni ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìdáhùn. "Ọlọ́run tó fi adùn sí mi lẹ́nu," ló ń wí ní gbogbo ọ̀nà, "má jẹ̀ẹ́ kí adùn yìí pa ọmọ ọlọ́mọ lára." Oòrùn ti ń rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kó tó dé ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ló ti mọ ìdí tí kò fi gbé fóònù. Ẹ̀rọ tó ń gé irin ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀. Ìpẹ́pẹ́ iná ń fò káàkiri láàárín àwọn géètì tí wọ́n fi ti ògiri. Ohun tó dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ni pátákó tuntun tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i pé: OLÈ RÍ I, OLÈ PADÀ LỌ SÙN.

Wẹ́dà ṣí ìbòjú rẹ̀, ó rí i, ó sì ju ọwọ́ sókè kí wọ́n pa ẹ̀rọ.

"Àǹtí iléèwé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ nu àga kan wá. Ẹni tí mo ń sọ fún yín nìyí o, ẹni tó kì mí lórí fóònù tí orí mi fi wú tí ìbòjú ò wọ̀ ọ́ mọ́."

"Ẹ káàbọ̀ mà," àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kí i. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àwa náà fẹ́ oríkì mà. Ọ̀gá wa ò jẹ́ ká sinmi pẹ̀lú tirẹ̀."

"Iṣẹ́ ni kó o kọ́kọ́ mọ̀," wẹ́dà dá a lóhùn. "Ta ló ń ki ẹni tó fi irin wíwọ́ ṣe ilẹ̀kùn?" Ó yíjú sí Adùn-ún-gbọ́. "Àǹtí, mo fojú sí i o. Ọjọ́ kejì gan-an ni."

Adùn-ún-gbọ́ súnmọ́ ọn. "Ẹ fojú sí i?"

"Bàtà ni. Ẹ ní ibì kékeré kan ló kù. Mo pe ọmọ náà síwájú mi, mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Irun rẹ̀ dára, aṣọ rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ni mo ti wá bá a: ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń yọjú wo ìta. Ojú tì mí. Mo ra dúdú tó ń dán fún un. Ó ń wọ̀ ọ́ wá, àbí?"

Ó ń wọ̀ ọ́ wá. Òun náà ló sì ń wọ̀ jáde.

Adùn-ún-gbọ́ jókòó, ó tún dìde. Ó la ẹnu, òwe ló bọ́ síta. "Bàbá, igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀," ni wẹ́dà wí, ó sì tẹrí ba tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹni tó bá sì fi ojú di igi, igi á fi ojú rẹ̀ ṣe ihò."

"Ọmọ tí a ò kọ́, òun ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà."

"Ẹ ti sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ fi sínú."

Adùn-ún-gbọ́ wá rí i pé bí òun bá ta òwe mẹ́wàá, ọkùnrin yìí á san mọ́kànlá padà. Ọjọ́ ń rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rò pé ìkíni ti parí, ó tan ẹ̀rọ, irin bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò sí òwe tí èèyàn lè pariwo rẹ̀ borí ẹ̀rọ yẹn. Adùn-ún-gbọ́ fi ẹnu mọ́ etí wẹ́dà, ó ké ohun tí kò ké láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i.

"Ọmọ yín kì í dúró níléèwé lọ́sàn-án. Ó ń jáde lójoojúmọ́. Wọ́n máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdánwò sáyẹ́ǹsì lónìí bẹ́ ẹ ò bá wá."

Ọmọ iṣẹ́ náà ti tún pa ẹ̀rọ ní àárín rẹ̀. Ìparí ọ̀rọ̀ náà ṣubú sínú ìdákẹ́rọ́rọ́, gbogbo wọn ló gbọ́ ọ, títí kan oníbàárà tó wá wọn fèrèsé.

Wẹ́dà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn èkejì.

"Ọmọ ta ni?"

"Tiyín, bàbá."

"Èyí tí ẹ kì?"

"Òun náà ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé mo sọ. Mo rò pé ẹ máa bi í."

"Àǹtí, bàtà ni mo bi í." Kò gbé ohùn sókè. Ó wo pátákó tó wà lókè orí rẹ̀, ó tún wolẹ̀. "Níbo ló ń lọ?"

"A ò mọ̀. Kò sọ."

Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Ìyá mi wà nílé, ó máa mọ ìgbà tó ń wọlé."

Géètì kan tí wọ́n fẹ́ gbé lọ fún onílé ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré náà. Wọn ò ráyè sọ ọ́ kalẹ̀. Ní gbogbo kòtò tí wọ́n bá bọ́ sí, géètì á fò, á sì gbá ọkọ̀ nídìí. Wẹ́dà ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí ẹnì kan ń ti láti ẹ̀yìn.

"Bó bá jẹ́ pé..." ó ní, ó sì dákẹ́.

"Ẹ parí ẹ, bàbá," ni Adùn-ún-gbọ́ wí. "Àbọ̀ ti tó lónìí."

"Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin kan ló ń fi ọ̀sán gbà á lọ́wọ́ mi, n ò mọ ohun tí n ó ṣe. Ó ti parí nìyẹn."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

"Àmín. Ẹ dákun, ẹ má fi oríkì sí i."

Wọ́n dé ilé. Wẹ́dà fúnra rẹ̀ ló ṣe ilẹ̀kùn ilé náà, irin tó nípọn, òdòdó lára rẹ̀. Ó tì í, kò ṣí. Ẹnì kan ti tì í láti inú. Ó kan án.

"Ta ni?" ohùn ọmọbìnrin kan béèrè.

Ọwọ́ wẹ́dà dúró lára irin. Ọmọ rẹ̀ ni.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀ nínú aṣọ iléèwé, bàtà dúdú tuntun náà wà létí ògiri, ó tò ó pọ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú pálọ̀, ìyá bàbá rẹ̀ jókòó. Ìyá àgbà náà wé gèlè, ó gbé àpò lé itan, ó múra bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ìwé sáyẹ́ǹsì kan ṣí sílẹ̀ lórí apá àga tó kọjú sí i.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá mi."

"Dìde. Má bẹ̀ mí. Sọ ọ́."

Ọmọ náà wo ìyá àgbà.

"Èmi ni mo ní kó má sọ," ni ìyá àgbà wí. "Má jẹ ọmọ níyà. Jókòó, o ga jù níbi tó o dúró sí yẹn."

Wẹ́dà jókòó. Ọkùnrin tí iná kì í dẹ́rù bà, ó jókòó bí ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́.

"Mo jáde lọ́jọ́ kan láti sá aṣọ," ìyá àgbà sọ. "Aṣọ wà lọ́wọ́ mi, n ò rí okùn mọ́. Mo ń wá okùn kiri, àṣé mo ti dé iwájú ilé oògùn. N ò mọ ọ̀nà ilé. N ò mọ̀ ọ́n rárá. Ọmọ yìí ló ń ti iléèwé bọ̀ tó bá mi níbẹ̀, aṣọ tútù lọ́wọ́ mi, tí mo ń kí àwọn èèyàn bí ẹni tó wá ra oògùn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó wáyé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàwó rẹ wà nílé láàárọ̀. Tí ọ̀sán bá ti pọ́n, ó ń lọ síbi iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ rẹ̀ ní ọsibítù. Ìgbà yẹn ni ọmọ máa ń dé. Ó ń ti ilẹ̀kùn, ó ń kàwé, èmi náà ń wò ó."

"Ìyá rẹ̀ mọ̀?"

"Kò mọ̀. Mo bẹ ọmọ yìí pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá gbọ́, o máa kó mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, níbi tí n ò ti mọ ojú kankan. Ibi tí mo mọ̀ gan-an, mò ń sọnù níbẹ̀. Ibi tí n ò mọ̀ wá ńkọ́?"

"Màmá." Ọwọ́ wẹ́dà wà lórí eékún rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. "Ẹ̀ ń sọnù, mo wà nínú ìlú yìí, n ò gbọ́?"

"O ò béèrè. O ń kí mi láàárọ̀, mò ń ní a dúpẹ́, o ń lọ."

Adùn-ún-gbọ́ ní ọ̀rọ̀ ìtùnú tó pọ̀ lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ ló ń ti ara wọn wá sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbé wọn mì. "Bàbá," ó ní, "ẹ lè sunkún lálẹ́. Ọ̀gá ń fi orúkọ ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ òní, ìrọ̀lẹ́ sì ti dé. Ẹ pe iléèwé, ẹ ní ẹ ń bọ̀. Mo gbàgbé fóònù mi sórí tábìlì."

Wẹ́dà pè. Ó dún, ó dún, ó dún. Adùn-ún-gbọ́ mọ ẹni tó yẹ kó gbé e. Òun ni.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni wẹ́dà wí. "Ìwọ dúró ti Màmá."

"Ta ló máa dúró?" Ìyá àgbà ti dìde. "Èmi ni mo fà á, ẹnu mi ni wọ́n á ti gbọ́ ọ. Mo ti múra tẹ́lẹ̀."

Ó ti múra lóòótọ́, àmọ́ bàtà tó wọ̀ kọ́ ló fẹ́ fi lọ iléèwé. Wọ́n wá èkejì lábẹ́ àga, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwo. Ó ní gèlè náà ò dọ́gba. Ọmọbìnrin náà tún un wé. Wẹ́dà ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń padà bọ̀. Adùn-ún-gbọ́ ń fi ìka lu báàgì rẹ̀. Àgbà ò kánjú, ìrọ̀lẹ́ ni kò mọ̀ pé àgbà ni. Níkẹyìn, ìyá àgbà jókòó síwájú, Adùn-ún-gbọ́ sì fún mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ náà gun ẹ̀yìn, ó di géètì mú kó má bàa fò.

Nígbà tí wọ́n dé, iléèwé ti ṣófo. Ọ̀gá ló kù, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, ìka rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó rí wọn tí wọ́n ń wọlé tẹ̀ léra, ó sì yọ awò ojú rẹ̀.

"Ta ni gbogbo yín?"

"Etí ilé nìyí, Ọ̀gá," ni Adùn-ún-gbọ́ wí. "Mo sọ fún yín pé ó gbọ́. Kò gbọ́. Oríkì ni mo kì fún un, mo ní ibì kékeré kan ló kù, ó ra bàtà. Bí ẹ bá máa yọ ẹnì kan, ẹ má fi ìyẹn yọ ọmọ."

"Bàtà?"

"Dúdú tó ń dán ni mà," wẹ́dà sọ.

Ìyá àgbà ti rí àga, ó ti jókòó. Ó wo Ọ̀gá dáadáa. "Ìwọ ni olórí wọn? O kéré."

"Mo ti dàgbà díẹ̀, Màmá."

"O máa tún dàgbà." Ó wá sọ ọ́ fún un, látorí okùn aṣọ dé ilé oògùn, dé ilẹ̀kùn tí ọmọ ń tì. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Lẹ́ẹ̀kan ló dúró, tó ní "kí ni mò ń sọ?" Ọmọbìnrin náà rán an létí, ó sì ń bá a lọ.

Ọ̀gá yíjú sí ọmọ náà. Ó bi í pé, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi, èmi tí mo bi ọ́ lójúkojú?"

"Ọ̀rọ̀ ilé ni mà. Ẹ ò bi mí nípa ilé. Ẹ ní kí ló dé tí mò ń sá."

Ọ̀gá fi etí aṣọ nu awò ojú rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. "Gbogbo iṣẹ́ yàrá sáyẹ́ǹsì tó o pàdánù," ó ní, "o máa ṣe é láàárọ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó dé. Èmi fúnra mi ni n ó dúró tì ọ́. Bó bá ku ẹyọ kan, mo máa pe ọ́fíìsì ìdánwò pé kí wọ́n yọ ọ́. Èyí ò yanjú ọ̀sán. Ta ló máa wà pẹ̀lú Màmá lọ́sàn-án?"

"Èmi," ni wẹ́dà wí. "Àyè wà ní ṣọ́ọ̀bù mi."

"Nínú ariwo yẹn?" ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Mò ń gbàgbé ni, n ò tíì dití."

Adùn-ún-gbọ́ wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, ní àbáwọlé, níbi tí fèrèsé ò ti ṣeé ṣí. "Àga kan wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, kò lè jáde kí n má rí i."

"Iléèwé kọ́ ni ilé àgbà," ni Ọ̀gá wí.

Ìyá àgbà ń wo àwòrán egungun tó wà lára ògiri, ó ń mi orí sí i bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

"Títí di ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," Ọ̀gá tún ní. "Kó tó dìgbà yẹn, ìyá ọmọ náà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà níbòmíì á gbọ́. Gbogbo yín á wá jókòó síbí, ẹ máa bá ara yín sọ ọ́ tán, kí ẹ tó bá èmi sọ. N ò tíì mọ ibi tó máa já sí."

"Àwa náà ò mọ̀ mà," ni wẹ́dà wí.

Ọ̀gá tẹ kọ̀ǹpútà. Àmì roboto kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú rẹ̀, ó ń yí, ó ń yí. Ọ́fíìsì ìdánwò fẹ́rẹ̀ẹ́ tìlẹ̀kùn. Wẹ́dà dúró, ọwọ́ lẹ́yìn. Adùn-ún-gbọ́ ń gbàdúrà láìla ẹnu.

"Kí là ń dúró dè?" ìyá àgbà béèrè.

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Orúkọ mi ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, Màmá, kí n lè ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì. Mo ti ń jáde lọ́sàn-án láti wá bá yín jókòó, wọ́n fẹ́ yọ mí. Wọn ò yọ mí mọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Àmì náà ń yí. Ọ̀gá ta ìka lu tábìlì. Ìta ti ń ṣókùnkùn díẹ̀.

"Kí là ń dúró dè níbí?" ìyá àgbà tún béèrè.

Wẹ́dà wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ ní "kò sí nǹkan kan, Màmá." Ó fa àga kan, ó jókòó. "Màmá, ẹ̀ ń gbàgbé ọ̀nà ilé," ó ní. "Ọmọ mi mọ̀, èmi ò mọ̀. Ó ń fi iléèwé sílẹ̀ torí yín, ó kù díẹ̀ kó pàdánù ìdánwò rẹ̀. A wá bẹ̀bẹ̀. A sì máa wá bí ẹ ò ṣe ní sọnù. N ò ní kó yín lọ síbì kankan láìbi yín."

Ìyá àgbà fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, níbi tí iná ti ta sí. "O ti rù," ó ní.

"Ó ti lọ," ni Ọ̀gá wí lójijì, ó sì fara ti ẹ̀yìn àga.

"Kí ló lọ?" ni ìyá àgbà béèrè.

Ọ̀gá wo akọ̀wé rẹ̀. Adùn-ún-gbọ́ gbé báàgì sílẹ̀, ó fa àga rẹ̀ mọ́ ìyá àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.